Mọ̀ríámọ̀: Ìtàn Orúkọ Obìnrin Kan Ṣoṣo tí Àlùkùránì Dá

 

Ní oṣù tí ó kọjá ni tọkọtìyàwó kan nínú ìjọ wa níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ orúkọ ọmọ wọn obìnrin. Ọmọ náà pé ọjọ́ mẹ́rin ní ọjọ́ náà. Ìyá ọkọ ti ránṣẹ́ láti Ìwó pé orúkọ òun, Mọ̀ríámọ̀, ni kí wọ́n sọ ọmọ. Maryam ni ìyàwó ń fẹ́ ní tirẹ̀. Ó ní òun kò kọ orúkọ ìyá ọkọ òun sílẹ̀, ṣùgbọ́n Mọ̀ríámọ̀ ti di orúkọ ará oko, àwọn ọmọ ilé ìwé yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, àti pé, bó ti wù kó rí, àṣìpè ni. Ọkọ kò sọ̀rọ̀, ojú mi ni ó ń wò kí n dá ẹjọ́. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì. Kì í ṣe pé ẹjọ́ náà le. Mọ̀ríámọ̀ ni orúkọ ìyá tí ó bí mi lọ́mọ, ọ̀rọ̀ tí ìyàwó yìí sọ sì ni èmi náà sọ sí i lójú ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì ilẹ̀ Lárúbáwá dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lápò. N óò padà sórí èyí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bá orúkọ náà dé ibi tí ó ti wá.

Orúkọ yìí ti pẹ́ láyé kí Àlùkùránì tó sọ̀kalẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ mọ́ ọn ni obìnrin tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún Ànábì Músà àti arákùnrin rẹ̀ Ànábì Hárúnà, tí àwọn Yẹhúdì ń pè ní Miryam. Àlùkùránì sọ ti obìnrin yìí pẹ̀lú, bí ó ṣe tọ àpótí ọmọ náà lẹ́yìn lórí omi, tí ó sì ń wò ó láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n kò dá orúkọ rẹ̀, arábìnrin Músà nìkan ni ó pè é. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí ìtumọ̀ orúkọ náà. Àwọn kan fà á yọ láti inú ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó túmọ̀ sí ìkorò, àwọn kan láti inú èyí tí ó túmọ̀ sí ìṣọ̀tẹ̀. Àwọn mìíràn wò ó pé ilẹ̀ Íjíbítì ni wọ́n ti bí i, wọ́n sì rí ọ̀rọ̀ èdè Íjíbítì àtijọ́ kan nínú rẹ̀ tí ó túmọ̀ sí ẹni tí a fẹ́ràn. Èrò ìkẹyìn yìí ni ó wọ̀ mí létí jù, nítorí pé orúkọ Músà pàápàá ní ìró èdè Íjíbítì nínú.

Ìtumọ̀ kan wà tí àṣìkọ ni ó bí i. Ní ìparí ọ̀rúndún kẹrin lẹ́yìn ìbí Ànábì Ísà, onímọ̀ Kìrìsìtẹ́nì kan tí ń jẹ́ Jerome túmọ̀ orúkọ náà ní èdè Látìn sí ẹ̀kán omi òkun. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó ya ẹ̀kán omi sọ́tọ̀ kúrò lára ìràwọ̀ nínú èdè yẹn. Ọwọ́ àwọn adàwékọ yí lẹ́tà náà padà, ẹ̀kán omi sì di ìràwọ̀. Títí di òní, Ìràwọ̀ Òkun jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oyè tí àwọn Kátólíìkì fi ń ké pe ìyá Ànábì Ísà.

Àwọn aṣàlàyé Àlùkùránì náà kò dákẹ́. Al-Zamakhsharī, tí ó kú ní ọdún 1144, kọ ọ́ sínú al-Kashshāf pé ní èdè àwọn tí wọ́n ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni obìnrin tí ó ń sin Ọlọ́hun. Òun kan náà ni ó sọ pé bí a bá fi etí Lárúbáwá gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú èdè náà tí ó jọ ọ́, èyí tí wọ́n fi ń pe obìnrin tí ó fẹ́ràn láti máa bá àwọn ọkùnrin tàkúrọ̀sọ. Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀rọ̀ kan ń tọ́ka sí ẹni tí ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá ìjọsìn, ìkejì ń tọ́ka sí ẹni tí kì í fẹ́ dá jókòó.

Ní ayé Ànábì Ísà, orúkọ yìí ti gbòde láàárín àwọn obìnrin Yẹhúdì. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé àwọn Kìrìsìtẹ́nì yóò rí i bí wọ́n ti pọ̀ tó: ìyá Ísà, Maria ti Magdala, Maria arábìnrin Mata, Maria ìyàwó Klopa. Mariamne, ọmọ ọba tí Hẹ́rọ́dù Ńlá fẹ́, tí ọkọ rẹ̀ yìí kan náà sì pa ní ọdún 29 ṣáájú ìbí Ísà, orúkọ yìí kan náà ni ó ń jẹ́. Nígbà tí orúkọ náà wọ èdè Gíríìkì, lẹ́tà ìparí rẹ̀ máa ń já lẹ́nu àwọn kan, Mariam a sì di Maria. Ìyẹn bá àwọn ará Róòmù lára mu púpọ̀, nítorí pé wọ́n ti ní Maria tiwọn tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ń pe ọmọbìnrin ìdílé Marius. Orúkọ méjì tí kò bára tan pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n sì di ọ̀kan.

Méjèèjì ni ó wọ inú ìtàn Ànábì wa. Maryam wá sínú Àlùkùránì. Māriya sì wá sínú ilé rẹ̀ láti Íjíbítì, nígbà tí Muqawqis, aláṣẹ ilẹ̀ náà, fi obìnrin kan ránṣẹ́ sí i. Māriya yìí ni ó bí Ibrahim fún un, ọmọ tí ó kú ní kékeré. Ọjọ́ ikú rẹ̀ ni òòrùn wọ̀ọ̀kùn, tí àwọn ènìyàn sì rò pé nítorí ọmọ náà ni, títí Ànábì fi sọ fún wọn pé òòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú ẹnikẹ́ni.

Nínú Àlùkùránì, ìgbà 34 ni orúkọ Maryam jáde, súúrà kan odidi, ìkọkàndínlógún, sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Kò sí obìnrin mìíràn tí a dá orúkọ rẹ̀ nínú Ìwé náà. Ìyá wa Hawáù kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, ìyàwó Fir'aunà tí ó gbàgbọ́ kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni ayaba Sába. Ohun kan tún wà tí mo máa ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n má fojú fò. Nínú súúrà kẹta, ìyàwó Ìmúránà ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Ọlọ́hun pé òun ti sọ ọmọ òun ní Maryam. Ọmọkùnrin ni ó ti rò pé òun yóò bí, èyí tí ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ilé ìjọsìn. Ó bí obìnrin, kò sì tìtorí rẹ̀ yí ẹ̀jẹ́ padà. Ìyá ni ó sọ ọmọ lórúkọ, Ọlọ́hun sì gbà á ní gbígbà dáradára. Àwọn bàbá tí wọ́n máa ń sọ fún mi pé obìnrin kò ní ohùn nínú ìsọmọlórúkọ, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka ibẹ̀ yẹn kọjá.

Nínú súúrà ti orúkọ rẹ̀ náà, àwọn ènìyàn rẹ̀ pè é ní arábìnrin Hárúnà. Ọ̀rọ̀ yìí dá wàhálà sílẹ̀ nígbà ayé Ànábì. Sàhábà Mughīra ọmọ Shu'ba dé Najrān, àwọn Kìrìsìtẹ́nì ibẹ̀ sì bi í léèrè pé báwo ni ìyá Ísà ṣe lè jẹ́ arábìnrin Hárúnà nígbà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún wà láàárín Músà àti Ísà. Kò rí èsì fún wọn. Nígbà tí ó padà dé, ó gbé e tọ Ànábì lọ, Ànábì sì ṣàlàyé fún un pé àwọn ènìyàn ìgbà náà máa ń fi orúkọ àwọn ànábì àti àwọn ẹni rere tí ó ti ṣáájú wọn sọ ọmọ. Muslim gba hádíìsì yìí sínú àkójọ rẹ̀. Ẹ̀rí ni ó jẹ́ pé kí á sọ ọmọ ní orúkọ ìyá àgbà kì í ṣe àṣà Yorùbá nìkan.

Súúrà yìí kan náà ni Ja'far ọmọ Abū Ṭālib kà sétí ọba Nàjáṣì ní ilẹ̀ Hábáṣà, ní nǹkan bí ọdún 615, tí omijé fi bọ́ lójú ọba náà. Ní ilẹ̀ yẹn, tí à ń pè ní Etiópíà lónìí, orúkọ àwọn ọkùnrin ni ẹ óò ti rí Maryam jù. Gebre Maryam ni ìránṣẹ́ Maryam, Welde Maryam ni ọmọ Maryam, Haile Maryam sì ni agbára Maryam. Ọ̀gágun Mengistu tí ó fi ọwọ́ líle ṣàkóso wọn títí di ọdún 1991, Haile Mariam ni orúkọ bàbá rẹ̀. Hailemariam Desalegn tí ó jẹ́ olórí ìjọba wọn láti 2012 sí 2018, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹ́ ẹ.

Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni ọkùnrin ti ń jẹ́ orúkọ yìí. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn Kátólíìkì máa ń fi kún orúkọ ọmọkùnrin, bíi Carl Maria von Weber, olórin Jámánì tí ó kú ní 1826, àti àwọn José María ilẹ̀ Sípéènì tí kò lóǹkà. Ní Áyálándì, ìwà ọ̀wọ̀ gba ọ̀nà mìíràn: Muire ni wọ́n ń pe ìyá Ísà nínú èdè wọn, wọn kì í sì í fi ìró yẹn gan-an pe ọmọ ènìyàn. Máire ni ọmọbìnrin wọn ń jẹ́. Fáwẹ́lì kan ni ó ń pa ààlà mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a wà yìí, ayaba méjì ti jẹ́ Mary lórí oyè, ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà sì gba orúkọ rẹ̀ ní 1632 lára Henrietta Maria, ìyàwó ọba Charles Kìn-ín-ní. Bí ẹ bá ti wọ ọkọ̀ ní Maryland ní Èkó rí, orúkọ yìí náà ni kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pariwo sí yín létí.

Àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Íńdíà sọ ọ́ di oyè. Ọba Akbar fi Maryam Makani dá ìyá tirẹ̀ lọ́lá, ó sì fún ìyàwó rẹ̀ tí ó bí Jahangir ní Maryam-uz-Zamani, ìyẹn Maryam ìgbà ayé yìí. Ní àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá, koríko aṣálẹ̀ kan wà tí ó máa ń ká jọ bí ẹ̀ṣẹ́ nígbà tí ó bá gbẹ, tí ó sì máa ń là bí a bá rẹ ẹ́ sínú omi. Àtẹ́lẹwọ́ Maryam ni wọ́n ń pè é, àwọn aláboyún sì máa ń ní in nílé de ọjọ́ ìrọbí. Àwọn alálàájì wa máa ń rà á bọ̀. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, Mariama ni wọ́n ń pè é, Mariama Bâ tí ó kọ ìwé olókìkí rẹ̀ lórí ìyà opó ní 1979 sì ni ẹ̀yin òǹkàwé yóò mọ̀ jù. Ní Ìránì ni wọ́n ti bí Maryam Mirzakhani, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba àmì ẹ̀yẹ Fields nínú ìmọ̀ ìṣirò, ní 2014. Àwọn ọ̀dọ́ wa tún fẹ́ràn láti máa tan ìtàn Maryam kan ká, obìnrin Aleppo tí ó ń rọ ẹ̀rọ ìwòràwọ̀ ní ọ̀rúndún kẹwàá. Obìnrin náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ibn al-Nadīm tí ó kọ nípa rẹ̀ kò pè é ní Maryam. Orúkọ ìdílé rẹ̀, al-'Ijliyya, ni ó kọ. Àwa ni a sọ ọ́ lórúkọ lẹ́yìn ikú.

Ibi tí orúkọ yìí ti dùn mí jù ni Bahia. Ní ìlú Salvador, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn baba ńlá wa lọ lẹ́rú, Nagô ni wọ́n ń pe Yorùbá. Wọ́n á ri ẹrú bọmi, wọ́n á fún un ní orúkọ Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n á sì fi orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ kún un. Maria ni orúkọ tí ó yá wọn lẹ́nu jù fún obìnrin, nítorí náà ni àwọn bíi Maria Nagô ṣe kún inú ìwé ìgbà náà. Mùsùlùmí sì wà láàárín wọn. Àwọn Mùsùlùmí yìí, tí wọ́n ń pè ní Malê, ìyẹn Ìmàle, ni wọ́n dìde ogun sí àwọn olówó ẹrú ní oru mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, ní òpin oṣù Ramaḍān. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, wọ́n sì gba àwọn ìwé kéwú lọ́wọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ọ̀daràn. Ẹ bá mi rò ó wò: obìnrin tí ó bá ti ń jẹ́ Mọ̀ríámọ̀ kí wọ́n tó tà á, tí àlùfáà Potogí wá da omi sí lórí pé láti òní lọ Maria ni, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n tún fún un padà. Ṣé ó mọ̀? Ta ni ì bá sọ fún un?

Orúkọ tí wọ́n fi tipátipá fún wọn náà ni ó wá di ti àwọn obìnrin tí wọ́n pa èdè wa mọ́ níbẹ̀. Maria Júlia da Conceição Nazareth ni ó dá ilé Gantois sílẹ̀ ní 1849. Maria Escolástica, tí gbogbo Bùràsíìlì mọ̀ sí Mãe Menininha, jókòó lórí àga ibẹ̀ títí ó fi kú ní 1986. Maria Bibiana, tí í ṣe Mãe Senhora, àti Maria Stella tí ó kú ní 2018, àwọn ni wọ́n ṣe olórí Opô Afonjá. Òrìṣà ni àwọn wọ̀nyí ń sìn, ẹ̀sìn wa kò sì pa wọ́n pọ̀ mọ́ wa. Ṣùgbọ́n òpìtàn kì í fi ojú ẹ̀sìn pa ẹ̀rí rẹ́. Maria ni gbogbo wọn, Yorùbá sì ni ohùn tí ń jáde lẹ́nu wọn nígbà ìjọsìn. Ní Bùràsíìlì lápapọ̀, ìkànìyàn ọdún 2010 rí ju mílíọ̀nù 11 obìnrin lọ tí wọ́n ń jẹ́ Maria.

Nílé, orúkọ kan náà gba ọ̀nà mẹ́ta wọlé tọ̀ wá. Nínú Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, Miriamu ni arábìnrin Mose, Maria sì ni ìyá Jesu; ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé orúkọ kan ṣoṣo ni méjèèjì. Mẹ́rì bá àwọn ilé ìwé òyìnbó dé. Ṣùgbọ́n kí èyíkéyìí nínú wọn tó dé ni ààfáà ti ń pe Mọ̀ríámọ̀ níbi ìkómọjáde.

Ọ̀rọ̀ àṣìpè yìí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Èmi náà gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo dé láti yunifásítì, mo jókòó ti ìyá mi, mo sì ṣàlàyé fún un pé kò sí orúkọ tí ń jẹ́ Mọ̀ríámọ̀ nínú èdè Lárúbáwá, pé Maryam ni kí ó máa jẹ́. Ó gbọ́ mi tán, ó ní: "Ọmọ mi, ààfáà tí ó sọ mí lórúkọ kò kàwé tó ọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó sọ mí yẹn ni mo fi ń bẹ Ọlọ́hun títí O fi kàwé dé." N kò gbọ́. Nígbà tí a fẹ́ ràn án lọ sí Mẹ́kà, èmi ni mo kọ ìwé rẹ̀, Maryam ni mo sì kọ sí i. Moriamo ni ó wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fún un ní físà lọ́dún náà. Ọdún kejì ni ó tó lọ. Kò fi bú mi rí, èyí sì ni ó burú jù nínú rẹ̀.

Ó ti di olóògbé, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, kí ó tó di ọjọ́ kan tí mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní tàjíwíìdì ní ilé kéwú wa níhìn-ín. A dé orí Maryam. Mo ní kí wọ́n ki rá náà, nítorí pé nígbà tí rá kò bá ní fáwẹ́lì tirẹ̀, tí "a" sì ṣáájú rẹ̀, kíki ni òfin rẹ̀. Ọmọ kan ki rá náà dáadáa, ohun tí ó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Mọ̀r. Mo dákẹ́. Mo wá rántí ìparí rẹ̀. Maryam wà lára àwọn orúkọ tí kì í gba tanwīn, nítorí pé orúkọ obìnrin ni, ó sì tún jẹ́ àjèjì nínú èdè Lárúbáwá. Nígbà tí ó bá dúró bí olùṣe nínú gbólóhùn, ḍamma kan ṣoṣo ni ó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀: Maryamu. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì bíi m parí ọ̀rọ̀, nítorí náà ó di ḍamma yẹn mú, ó sì sọ ọ́ di ọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ibrāhīmu ṣe di Bùráímọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ràfíátù, Sìdíkátù àti Àmínátù ṣe pa "tu" tí àwọn Lárúbáwá òde òní ń gbé mì mọ́.

Èrò tèmi nìyí: àwọn ààfáà àtijọ́ kò ṣi orúkọ yìí pè. Bí wọ́n ṣe ń kà á lórí wàláà, pẹ̀lú rá kíki àti ḍamma ìparí rẹ̀, ni wọ́n ṣe gbé e lé ọmọ lórí. Maryam tí mo fẹ́ fi tún ti ìyá mi ṣe, bí wọ́n ṣe ń pè é nígbà tí èémí bá dúró ni. Ti ìyá mi ní ìparí rẹ̀ lára.

Gbogbo èyí ni mo rò fún tọkọtìyàwó náà nígbà tí ọjọ́ méjì pé, mo sì fi kún un pé méjèèjì ni ó dára, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí tí wọ́n bá yàn. Ìyàwó béèrè bóyá mo lè kọ ọ́ sílẹ̀ kí òun lè tọ́jú rẹ̀ fún ọmọ náà. Ní ọjọ́ kẹjọ, òun fúnra rẹ̀ ni ó bẹ̀ wá pé kí a dúró díẹ̀, ó pe Ìwó lórí fóònù kí ìyá àgbà lè máa gbọ́, ó sì ní kí n pe orúkọ náà. Mo pè é, Mọ̀ríámọ̀. Ìyá àgbà ní kí n tún un pè. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ náà wá fún mi wò: Moriamo ni wọ́n kọ sí i.